Honda Bàbá Mi Kì í Ṣe Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè fi kálàmù kan ìwé, ọ̀rọ̀ ẹbí sì tún tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ẹbí yìí gan-an ni mo fẹ́ kó síwájú yín lónìí, nítorí pé ó kan irin, ó sì kan èdè.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi àgbà gbéra láti Òkèihò wá sí Ìbàdàn. Kì í ṣe ìgbéyàwó, kì í ṣe ìsìnkú. Alùpùpù ni wọ́n bá wá. Ìyàwó mi ló ránṣẹ́ sí wọn. (Ó rò pé n kò mọ̀.) Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n tún agbádá wọn ṣe, wọ́n ní, "Àbúrò, a ti rí ẹni tí yóò ra Honda Bàbá." Ta ni ẹni náà? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ké pé kí ẹni tó bá ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù irin gbé e jáde. Ẹ sáà gbọ́: orí òṣùwọ̀n ni wọ́n fẹ́ gbé e sí! Ohun tó gbé bàbá wa lọ sí ẹnu iṣẹ́ fún ọdún 16, kìló ni wọ́n fẹ́ fi díye lé e bí ìrẹsì.

Mo ní n kò tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ìdí rẹ̀. Nítorí pé àgbà ni wọ́n, tí inú sì ń bí mi díẹ̀, n kò lè sọ ọ́ tán lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ Údójì gbé àbá jáde pé kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó di ọdún 1975, owó náà dé ọwọ́ wọn pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá ní òbí tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ẹ ó ti gbọ́ ìtàn owó Údójì. Àwọn kan fi ra rédíò, àwọn kan ra fíríìjì sí ilé tí iná mànàmáná kò dé, àwọn mìíràn fi fẹ́ ìyàwó kejì. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ògùn, fi tiwọn ra Honda C70 aláwọ̀ búlúù, tó ní ike funfun níwájú méjèèjì tí ń gba ẹrọ̀fọ̀ àti afẹ́fẹ́ mọ́ ẹni tó ń wà á lẹ́sẹ̀. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Nígbà tí mo fi lajú, irin náà ti di ara ilé wa, bí ọlọ tó wà lẹ́yìnkùlé. A máa ń ti Òkèihò lọ sí Ìsẹ́yìn lórí rẹ̀: èmi níwájú, Bàbá láàárín, Ìyá mi lẹ́yìn pẹ̀lú àbúrò mi tí wọ́n pọ̀n, àpò ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí irin ìdérù, àti adìẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán irú rẹ̀ wò lónìí.

Ní ọdún 1991 ni Bàbá ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù, tí Honda sì wọ inú yàrá ìkẹ́rùsí lọ. Nígbà tí wọ́n papò dà tán, tí a wá ń pín ogún ní ọdún 2013, wọ́n ní kí n mú ohun tó bá wù mí. Mo mú Honda. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Adìẹ ti yé ẹyin mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí a gbé e jáde.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda ní Jàpáànù kọ́kọ́ gbé ẹbí rẹ̀ jáde, tí wọ́n sọ ọ́ ní Super Cub. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù irú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà ni wọ́n ní ó wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é: kí ó lè fi ọwọ́ kan di abọ́ mú, kí ó sì fi ìkejì wa alùpùpù. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ọwọ́ òsì fún. Ẹsẹ̀ ni a fi ń yí gíà rẹ̀, mẹ́ta péré. Àyè inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 72 cc lọ, omi tó lè gba ibẹ̀ kò lè kún ife tíì kan. Inú ibi kékeré bẹ́ẹ̀ ni agbára tó gbé gbogbo wa lọ sí Ìsẹ́yìn ti ń wá.

Àmọ́ n kò ní parọ́ fún yín. Irin náà le koko bí ojú ẹkùn.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan. N ó ṣí epo sílẹ̀, n ó fa ṣóòkì, n ó kíìkì lẹ́ẹ̀mejì láìtíì ṣí iná, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àgbà kó tó wọlé, kí n tó wá kíìkì tòótọ́. Bí mo bá kánjú, tí mo ń ta ẹsẹ̀ léraléra, epo á kún un lọ́fun, á sì yarí. Àfi kí n jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná tó ń ṣán lẹ́nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ irin wẹ́wẹ́ méjì tó ń fẹnu kanra tí wọ́n sì ń yà. Bí ẹnu wọn bá dúdú, sáńpépà ni mo fi ń nù ún. Iná iwájú rẹ̀ fóòtì 6 ni. Bí mo bá ń sáré, ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá dẹ eré sílẹ̀, ó ṣú. Ẹ wá wò ó: ní kọ́nà, níbi tí ojú ti yẹ kó là jù, ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń di fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Bíréèkì iwájú ńkọ́? Bí a bá di ti alùpùpù mìíràn mú, orí á tẹ̀ síwájú. Ti Honda yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí bí wọ́n ti so irin ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ṣe ni imú rẹ̀ máa ń gbéra sókè bí ọmọ tí wọ́n bá wí tó ń ṣe fùkẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó gbà pé ó ń dúró ní tòótọ́.

Kí wá ni adùn rẹ̀?

Adùn rẹ̀ ni pé kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí mo ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́, n kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí iná pupa bá tàn lójú pátákó rẹ̀, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ni n ó gbé e lọ bá. Honda ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo mọ ìgbà tí ṣéènì rẹ̀ dẹ̀, nítorí ó máa ń ta gìrì bí mo bá gbé gíà. Mo mọ ìgbà tí omi wà nínú epo tí wọ́n rọ fún mi, nítorí ó máa ń wúkọ́ bí a bá ń gun òkè. Etí mi kò sinmi lórí rẹ̀, ojú mi náà kò sinmi. Ní ọ̀nà Moníyà sí Ìsẹ́yìn, bí mo bá ń fi eré kìlómítà 45 lọ, mo ń gba inú òórùn kọjá ni: ti gaàrí tí wọ́n ń yan, ti irú tí wọ́n ń sè, ti igbó tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì tí odò wà, òtútù á kọ́kọ́ kàn mí ní orúnkún kó tó dé àyà. Nígbà tí mo bá sì pa á ní Ìsẹ́yìn, tí etí mi ṣì ń hó, ìró òfì àwọn tó ń hun aṣọ òkè ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò wọlé. Mo ti gba ọ̀nà yẹn nínú ọkọ̀ onífáànù tútù láìmọye ìgbà. Ohun tí mo rántí níbẹ̀ kò ju orin tí mo ń gbọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, "alùpùpù". Bí èmi ti ń wò ó, "a-" tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ olùṣe ló ṣáájú, "lù" tẹ̀ lé e, "pùpù" sì ni ìró tí etí àwọn baba wa gbọ́. Ohun tó ń lu pùpù ni. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, Yorùbá kì í sì í fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣeré nínú ọ̀rọ̀ afarawé-ìró àti afàwòránhàn. Ohun tó rí rògòdò tóbi ju èyí tó rí rógódó lọ, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó ki, tí ìró rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí odó tí a ń gún, ni mo rò pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, irú àwọn alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì bíi BSA. Nígbà tí àwọn ti Jàpáànù tí epo àti ọ́ìlì ń jóná pọ̀ nínú wọn dé, ìró wọn dà bí ti ẹ̀fọn nínú ìgò. Síbẹ̀ a kò pe ìkankan nínú wọn ní alùrínrín. Ìró lọ, orúkọ dúró. Honda bàbá mi fúnra rẹ̀ jẹ́ẹ́ jù fún orúkọ náà nígbà tó wà ní tuntun. Ìgbà tí ìdípẹtà dá ihò sí i ní sàléńsà ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu pùpù gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ti bẹ̀ mí títí pé kí a jó o pọ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀ ná.

Mẹkáníìkì yìí ni ìdí kejì tí n kò fi tà á, bóyá òun gan-an ni ìdí kìn-ín-ní. Abẹ́ igi ọ̀dán kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ́ọ̀mù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé Honda lọ bá a, kò tíì fojú kàn án tó fi sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ láti ọ̀nà jínjìn, ó gbọ́wọ́ sókè: "Dókítà, ẹ pa á, ẹ pa á! Fáàfù rẹ̀ ló ń pariwo yẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù ná, a kì í fọwọ́ kan ibẹ̀ lóoru." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí: ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni a ń wọn àlàfo tó wà lórí fáàfù.

Nígbà kan, mo jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọ̀sán gbáko ni. A rí orúkọ gbọọrọ-gbọọrọ, òmíràn gùn ju irin tí a fi ń pè lọ. Kò sí mẹkáníìkì kan ṣoṣo láàárín wa, a kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Lábẹ́ igi ọ̀dán yìí, mo rí i pé iṣẹ́ náà ti parí tipẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ wọn jẹ́ àyálò, òótọ́ ni: púlọ́ọ̀gì, kabúrétọ̀, ṣéènì, gíà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń bá rìn. Púlọ́ọ̀gì a máa kú. Gíà a máa já. Nọ́ọ̀tì a máa yọ̀. Bíréèkì a máa mú, tàbí kí ó má mú. Ẹ́ńjìnnì a máa mu ọ́ìlì, a máa wúkọ́, epo a sì máa yó o ní àyójù. Ọ̀rọ̀-orúkọ lè jẹ́ àlejò, ọ̀rọ̀-ìṣe ni onílé, òun ló ń sọ fún àlejò ibi tí yóò jókòó sí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, n kì í rán an lọ sí ilé ìkàwé mọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí. Ọmọ náà já fáfá lórí Bajaj tí àwọn ọlọ́kadà ń lò lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu irin wẹ́wẹ́ méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò yé e, kò sì fẹ́ kó yé e. Èwo ni yóò fi ṣe? Honda mélòó ló kù ní àdúgbò? Alùpùpù oníbátìrì, tí kì í mu epo rárá, sì ti ń dé. Èéfín kò sí níbẹ̀, ìró kò sí, fáàfù kò sí. N kò ní kí wọ́n má dé o. Owó lítà epo kan tí kò tó náírà 200 kí oṣù kárùn-ún ọdún 2023 tó parí ti lé ní 1000 ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ta ni yóò bá oníbátìrì jà? Mo kàn ń gbé Honda lọ sábẹ́ igi ọ̀dán, mo ń jókòó sórí táyà, mo ń béèrè, bàbá ń dáhùn, fóònù mi sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí n kò bá ní irin tó ń bàjẹ́, kí ni n ó máa wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ yìí ń fa ìtìjú, pé wọ́n ń pe ọ̀mọ̀wé ní ọlọ́kadà. Wọ́n kò parọ́. Lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì kan, ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ géètì dá mi dúró: "Ọ̀kadà kì í wọlé, ẹ yí padà." Mo fi káàdì mi hàn án. Ó wo káàdì, ó wo Honda, ó tún wo káàdì. Ní ọjọ́ mìíràn, màmá kan na ọwọ́ sí mi ní Bódìjà, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sórí, wọ́n ní, "Ọ̀kadà! Òjòó, èló?" Mo ní, "Ẹ gùn ún, Mà." Nígbà tí a dé ibẹ̀ tí n kò gba owó, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí wọn gbé. Wọ́n fi tòmátì márùn-ún sí mi lọ́wọ́ dandan, wọ́n yára kúrò níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pé ọkọ̀ òfuurufú ni a ti yá orúkọ "ọ̀kadà"? Okada Air, tí olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tó sì ti kógbá sílé báyìí. Ẹ̀fẹ̀ ni: ẹni tí kò lówó bàálù, kí ó gun ti ilẹ̀. Ní Kútọnu, "zémidjan" ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Fọ̀n tó túmọ̀ sí kí wọ́n gbé mi kíákíá. Lójú tèmi, kò sí èébú nínú kí wọ́n pe ènìyàn ní ọlọ́kadà. Àwọn ló gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi dé gbọ̀ngàn ìdánwò lásìkò.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi nìkan ni n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, òjò rọ̀, ọ̀dà ń yọ̀, ajá kan já lu títì nítòsí Òjòó. Mo di bíréèkì mú ju bó ti yẹ lọ. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, pẹ̀lú Honda lórí ẹsẹ̀ mi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń lu pùpù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ mi wà nínú simẹ́ńtì àwọn dókítà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyàwó mi ló ń bá mi dé bọ́tìnnì ẹ̀wù ní gbogbo ìgbà náà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó le. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn ló le. Akoto tí mo dé sórí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà, gbogbo wa sì fi rẹ́rìn-ín kiri orílẹ̀-èdè. Láti oṣù kẹsàn-án yẹn, ẹ̀rín náà kò pa mí mọ́. Mo ti ṣàdéhùn pẹ̀lú ìyàwó mi: n kò ní gùn ún lálẹ́, n kò ní gùn ún lójò, ọmọ wa kankan kò ní jókòó sẹ́yìn mi. Ó ní òun gbọ́. Kò ní òun gbà.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọjọ́ Sátidé náà. Nígbà tí a ti sọ ọ́ sọ ọ́ tí kò lójú, ẹ̀gbọ́n mi dìde láti máa lọ. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Honda kọjá, wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ kan ibi tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, tí Bàbá fi abẹ́rẹ́ rán ní ọdún tí a kò rántí mọ́. Wọ́n ká agbádá sí èjìká. Wọ́n gùn ún. Wọ́n kíìkì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kíìkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òógùn bo ojú wọn, Honda kò dá wọn lóhùn. "Ṣé ẹ rí i? Òkú irin!" Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ṣí epo tí mo ti tì láti àná, n kò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún kíìkì, ó sì dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 57, wa Honda Bàbá yí ká ìta wa lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Ìyàwó mi jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ẹni tó ránṣẹ́ pè. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọn kò sọ pé kí n má tà á, wọn kò sì sọ pé kí n tà á. Wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí sàléńsà rẹ̀, pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, kí n sì jẹ́ kí àwọn mọ̀ bí mo bá ń gbé e bọ̀ ní Òkèihò nígbà Kérésìmesì.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ìyá yín ní alùpùpù àtijọ́, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn: kí ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ìlú tiyín?